Fóòmù Tí A Sá Sẹ́yìn Mọ́sálásí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agége, imú la fi ń mọ aago. Bí òórùn bisikíìtì bá ti gba ojú fèrèsé wọlé láti apá Ìkẹjà, ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, ó ti tó kí á gbé korobá lọ pọnmi. Bí òórùn ọṣẹ bá dé, ọ̀sán ti pọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, òórùn rọ́bà ni yóò wọlé, ìyá mi á sì pariwo pé, "Ẹ ti fèrèsé o, wọ́n tún ti dé!" Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè yẹn, ẹ ó rántí. Ẹ ó rántí bisikíìtì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, èyí tó fọ́ nínú ẹ̀rọ tí kọ́ńpìnì kò lè dì sínú páálí. Ọmọ Agége wo ló mọ̀ nígbà náà pé bisikíìtì máa ń ní igun mẹ́rin? Èmi ò mọ̀ títí mo fi wọ ilé-ìwé gíga, tí ẹnì kan fún mi ní odidi kan, tí mo sì ń yí i wò bí ohun àjèjì.

Orílé Agége ni ilé wa wà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń kírun ní mọ́sálásí àdúgbò. Òwò fóòmù ni ìyá mi ń ṣe. Kọ́ńpìnì kan wà ní Ìkẹjà tí wọ́n ti ń ṣe ibùsùn. Àjákù tí wọ́n bá gé dànù lára ibùsùn, wọn a máa tà á fún ẹni tó bá lè kó o kúrò lẹ́yìn ọgbà wọn. Ìyá mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyá Sàúdá, ni wọ́n máa ń rù ú wálé. Fóòmù kò wúwo, ṣùgbọ́n ó tóbi. Bí ẹ bá rí wọn lókèèrè lẹ́bàá ojú irin rélùwéè, ẹ ò ní rí èèyàn rárá. Àpò ràgàjì méjì tó ní ẹsẹ̀ lẹ ó rí tó ń bọ̀, tí wọ́n sì ń bára wọn jiyàn lórí iye tí ata ń tà lọ́jà.

Tí a bá ti ilé-ìwé dé, tí a jẹun, tí a lọ sí ilé-kéú tí a bọ̀, fóòmù yíya ló kàn. A ó jókòó yí òkìtì náà ká ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa fi ọwọ́ ya á sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń já ẹ̀fọ́. Wẹ́wẹ́ yìí ni wọ́n máa ń ki sínú ìrọ̀rí àti tìmùtìmù. Èyí tó kúnná ni ìyá mi fẹ́. Bí ó bá rí ègé tó tóbi, á gbé e sókè, á ní, "Ta ló fẹ́ kí oníbàárà mi fi òkúta sùn?" Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá yẹjú báyìí, orí òkìtì la ó fò sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n ń mú lọ ibi ìṣeré tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó fò lórí nǹkan rírọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa fò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó máa ń tú wa fó ni orí wa, nítorí fóòmù a máa lẹ̀ mọ́ irun. Ẹni tí irun rẹ̀ bá funfun bí ewú àgbàlagbà ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò gbé ọwọ́ sókè, tí àwọn yòókù yóò sì máa ya fóòmù níwájú rẹ̀ bí ọmọlúàbí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Fóòmù a máa múni sín. Eruku rẹ̀ ló ń wọ imú. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó bá sín yóò ní "Alihamudulilahi," ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò sì ṣàdúrà fún un pé "Yarihamukalahu," kí Ọlọ́run kẹ́ ọ. Lémọ́ọ̀mù wa, tó tún jẹ́ olùkọ́ wa ní ilé-kéú, ti kọ́ wa pé ẹ̀tọ́ Mùsùlùmí ni lára Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, láti alásàrí títí di mọ̀gírìbì, ilé wa kì í dákẹ́. Ìkíní sín, a dáhùn. Ìkejì sín, a dáhùn. A ò tilẹ̀ ní gbójú sókè. Mọ́mì Tósìn, ìyá Èkìtì tó ń ṣe tíṣà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì gidi ni, ṣùgbọ́n nígbà tó yá òun náà ti ń dáhùn láti inú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ohùn Èkìtì.

Ìyá mi nìkan ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ Ìyá Sàúdá. Lẹ́yìn ìyẹn, ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ẹgbẹ́ àsàlátù bá parí àdúrà, àwọn obìnrin kan á dúró sẹ́yìn, ìyá mi á sì máa fi hàn wọ́n bí a ti ń gé aṣọ ìrọ̀rí kí ó má baà ṣẹ́kù. Kí a tó mọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù ti di oní-fóòmù. Ẹni tó mọ aṣọ rán ń rán, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le ń ki, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ń kiri lọ Ifákò àti Abúlé Ẹ̀gbá. Èmi tí mò ń kọ èyí, fóòmù ló rán mi níwèé. Sàúdá ọ̀rẹ́ mi, tí bàbá rẹ̀ kú kó tó mọ̀ ọ́n, fóòmù ló rán òun náà. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi oúnjẹ wa sínú ohun tí ẹlòmíràn ń dànù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni ọjọ́ tí bàbá onílé wa bá sítóòfù tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì fóòmù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ó wo iná, ó wo fóòmù, ó wo òrùlé rẹ̀, ó sọ fún ìyá mi pé, "Ìyá Rísíkà, mi ò lé yín. Fóòmù ni mo lé. Kí ààwẹ̀ tó parí, kó ti kúrò nínú ilé mi." Òótọ́ ló sọ, ìyá mi pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn onílé yòókù gbọ́, àwọn náà lé fóòmù tiwọn. Ààwẹ̀ sì ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Bí àwọn obìnrin wọ̀nyí kò bá rí ibi tí wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tó dé, òwò ti tán nìyẹn.

Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn mọ́sálásí tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ohunkóhun. Koríko ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ewúrẹ́ kan tí a kò mọ olówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Rélùwéè ló di kọ́kọ́rọ́ ọgbà náà mú. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọn kì í pẹ́ dé mọ́sálásí, wọn kì í sì í gbà kí ẹlòmíràn pẹ́. Wọ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni àwọn fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo mọ́sálásí wa. Ti Alájì kan ni, àwa ọmọ kéú la sì máa ń tì í kó tó lè kúrò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Ìyá mi lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀. Bàbá Rélùwéè mi orí. "Ìyá Rísíkà, mọ́sálásí kì í ṣe kọ́ńpìnì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ náà kì í kírun."

Lémọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi bùbá bo ẹnu. Bàbá Rélùwéè kò rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà, Lémọ́ọ̀mù ní kí ẹgbẹ́ àsàlátù ṣe tìmùtìmù wá fún àwọn àgbà tí wọ́n ń jókòó síwájú níbi tàfúsìrì, ìtumọ̀ Àlùkùránì inú ààwẹ̀. Orí ẹní lásán ni wọ́n ń jókòó látọjọ́ yìí, eékún ti ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí àwọn àgbà bá rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ á rọrùn láti sọ. Bàbá Rélùwéè ní ó dáa, àwọn á jókòó lé e, àwọn á wò ó.

Ẹ wo bí ilé wa ti gbóná ní ọ̀sẹ̀ náà. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n rà, wọ́n fi funfun gbá etí rẹ̀. Mọ́mì Tósìn tí kì í gbààwẹ̀ náà bá wa ya fóòmù, ó sì ń gbé omi tó ń mu kúrò lójú wa kí òùngbẹ má baà gbẹ wá. Fóòmù tí wọ́n kó pọ̀ débi pé àpò ìrẹsì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò gbà á mọ́. Ni Ìyá Sàúdá bá sáré lọ ọjà, ó sì rí àpò tó pọ̀ gbà lọ́wọ́ Màlámù kan tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbọn àwọn àpò náà dáadáa, wọ́n di fóòmù sínú wọn, wọ́n sì ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀ fún kíkì. Gbogbo wa ń sín ní ọ̀sẹ̀ náà. Ṣé ẹ rí i, ilé mìíràn ni wọn ì bá ti béèrè pé kí ló dé. Ní tiwa, àtọdúnmọ́dún la ti ń sín. Ìyá mi ní, "Fóòmù tọdún yìí gbẹ púpọ̀." Ó tán síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Lẹ́yìn ìrun alásàrí, wọ́n to àwọn tìmùtìmù náà síwájú. Wọ́n rẹwà. Àwa ọmọdé àti àwọn ìyá wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, a ń yọjú. Bàbá Rélùwéè mú èyí tó sanra jù, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá jókòó lé e tàgbàtàgbà. Ó ní bí ojú wọn ṣe rọ̀ díẹ̀. Ìyá mi gbá mi léjìká, ó ní, "O rí i?"

Lémọ́ọ̀mù ṣí Àlùkùránì, wọ́n ka àyọkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀. Àgbà kan sín. "Alihamudulilahi." Gbogbo mọ́sálásí dáhùn, "Yarihamukalahu." Lémọ́ọ̀mù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹlòmíràn sín. A dáhùn. Kí a tó dáhùn tán, méjì sín lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá yí ìdí padà lórí tìmùtìmù báyìí, atẹ́gùn á fẹ́ jáde láti inú rẹ̀, ìlà iwájú látòkè délẹ̀ á sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn. Hàtíṣọ̀! Alihamudulilahi! Yarihamukalahu! Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn mọ́, wọ́n kàn ń dáhùn lọ. Ojú àwọn àgbà pọ́n, imú ń dà, bẹ́ẹ̀ omi kò ṣeé mu nítorí ààwẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tí Lémọ́ọ̀mù bá bẹ̀rẹ̀, kò ní parí. Ní ìkẹyìn, wọ́n pa Àlùkùránì dé, wọ́n ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí ọjọ́ tí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó báyìí rí."

Àgbà kan nàwọ́ sókè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Lémọ́ọ̀mù, ìbéèrè. Ata tó bá gba imú wọlé, ṣé kò ba ààwẹ̀ jẹ́?"

Ata! Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ìyá mi gbé tìmùtìmù kan tó ṣẹ́kù sí imú. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìyá Sàúdá, àpò kí ni Màlámù fún ọ?"

"Àpò ni. Àpò tó dáa. Kò ní ihò kankan."

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ìyá Sàúdá wolẹ̀. "Ṣọ̀mbọ̀ gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n ṣebí gbogbo wa la jọ gbọ̀n ọ́n?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ojú ìyá mi, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Bàbá Rélùwéè ti dìde. "Mo ti... Mo ti sọ..." Wọ́n sín. Gbogbo mọ́sálásí dáhùn. "Mo ti sọ tẹ́lẹ̀! Ẹsẹ̀ wọn ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ yẹn!"

Ibi tí mo ti mọ̀ pé obìnrin ni ìyá mi nìyẹn. Ó jáde láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ mọ́ rárá. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àgbà. Ó wá ní, "Sààráà ni tìmùtìmù wọ̀nyí, a ò lè gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí a fọ̀ wọ́n. Àwọn onílé wa ò sì ní jẹ́ kí a sá fóòmù sílé. Kí a kàn sá a sẹ́yìn mọ́sálásí níbí, kó gbẹ."

Lémọ́ọ̀mù wo Bàbá Rélùwéè. Wọ́n ní ẹni tó ba nǹkan mọ́sálásí jẹ́, ó yẹ kó tún un ṣe, kò sì sí bí èèyàn á ṣe sọ pé kí wọ́n má fọ ohun Ọlọ́run. Bàbá Rélùwéè nu imú. "Tó bá ti gbẹ, kí wọ́n kó o."

"A ó kó o, Bàbá," ni ìyá mi wí.

Ẹni tó bá ti fọ fóòmù rí mọ̀ pé kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ó máa ń gbé omi pa mọ́ sínú bí aláròkàn. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn alásàrí, Bàbá Rélùwéè á wá, wọn á fọwọ́ tẹ òkìtì náà, omi á dà sí wọn lẹ́sẹ̀. "Kò tíì gbẹ?" "Kò tíì gbẹ, Bàbá. Ata ṣì wà nínú ẹ̀, a tún un fọ̀ láàárọ̀." Òdodo ni. Ìyá mi kì í purọ́ nínú ààwẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbé korobá omi dà á ní gbogbo àárọ̀, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ baà lè jẹ́ òtítọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Bí fóòmù kò ti gbẹ, àwọn obìnrin náà kò lè kàn jókòó lásán. Wọ́n gbé máṣìnì ìránṣọ kan wá, kí wọ́n máa fi rán aṣọ tìmùtìmù tuntun. Wọ́n gbé ìkejì wá nítorí pé ìkíní ń ṣe wàhálà. Wọ́n ri òpó mẹ́rin, wọ́n ta tapólì lé e. Bàbá Rélùwéè wò ó, wọ́n ní, "Ẹ ń sá nǹkan sóòrùn, ẹ tún ta tapólì bò ó?"

"Àwa ni a ta á bò, Bàbá. Fóòmù wà nínú oòrùn lọ́hùn-ún."

Wọ́n kùn, wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà wá pẹ̀lú òòlù. Wọ́n ní òpó kan wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara àwọn kò lè gba ohun tó bá wọ́. Wọ́n tún òpó náà rì. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n bá àwọn ọmọdébìnrin tí ẹgbẹ́ ń kọ́ ní aṣọ rírán, wọ́n dúró lẹ́yìn wọn pẹ́, wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ń yára rán an ju bó ti yẹ lọ, kó rọra. Ọmọ náà sọ fún wọn pé, "Ẹ jókòó, Bàbá." Wọ́n jókòó. Ewúrẹ́ náà ti bá ibòmíràn lọ nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ dé. A ti kírun yídì bọ̀, a wọ aṣọ tuntun, ẹnu wa ń dán fún òróró. Ṣùgbọ́n inú ìyá mi kò dùn. Àdéhùn ti pé, òun ló sì ṣe é. Kò da omi sí fóòmù ní òwúrọ̀ yẹn. Ó ní ọjọ́ ọdún kì í ṣe ọjọ́ ọgbọ́n. Oòrùn ti mú un, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Àwọn obìnrin náà ti tú okùn tapólì kan, wọ́n di ẹrù, wọ́n dúró. Ìyá Sàúdá ń sunkún jẹ́jẹ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ìyá mi lọ bá Bàbá Rélùwéè, ó kí wọn kú ọdún, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ti gbẹ. A fẹ́ máa kó o lọ."

Bàbá Rélùwéè wá síbi òkìtì náà nínú agbádá ọdún wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú ègé kan, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì fún un pọ̀, eruku ló jáde, ó sì mú wọn sín. A dáhùn. Wọ́n wo òpó tí wọ́n rì, wọ́n wo àwọn ọmọdébìnrin náà, wọ́n tún wo ègé fóòmù ọwọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyá Rísíkà," ni wọ́n wí, "ọ̀rinrin ṣì wà nínú ẹ̀."

Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n lọ jẹun.

Kò sí ìpàdé kankan tí wọ́n ti sọ pé a fún ẹgbẹ́ àsàlátù ní ilẹ̀ náà. Bàbá Rélùwéè ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn, kí Ọlọ́run fi Alujánà kẹ́ wọn. Ilé alájà ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́, tọmọ Mùsùlùmí tọmọ Kìrìsìtẹ́nì, òkè ni ilé-kéú wà. Ẹ̀rọ ló ń ya fóòmù fún wọn. Ìyá mi ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń lọ síbẹ̀ lọ wá ẹ̀sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Mo dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Àwọn ọmọ wa pẹ̀lú ń gbìyànjú, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ń ta ọjà lórí fóònù fún ẹni tí wọn kò rí rí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ òwò, wọ́n á ti kọ́kọ́ tẹ káàdì, wọ́n á ti ya fọ́tò, wọ́n á ti kọ̀wé béèrè àyè lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní dáhùn.

Ọ̀gbà lápá Ìkẹjà ni mò ń gbé báyìí, nínú ẹ́sítéètì tó ní géètì àti òdòdó. Lóṣù tó kọjá, mo fọ ìrọ̀rí kan, mo sì sá a sí iwájú ilé mi. Kí n tó wọlé jókòó, fóònù ti dún. Ọmọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ẹ́sítéètì ni, ohùn rẹ̀ tutù, ó pè mí ní Mà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òfin ẹ́sítéètì kò gbà kí a sá nǹkan síta. Mo bi í pé ta ni mo lè lọ kúnlẹ̀ fún. Ó ní kò sẹ́nì kankan, Mà, òfin ni. Mo jáde lọ gbé ìrọ̀rí mi wọlé, ó ń kán tótó káàkiri pálọ̀.